Kí Ni Ẹ̀dá Tí Kì Í Kú Ń Wá?

Ẹ̀rù ikú ni ó ń lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn inú ìtàn kiri. Òun ni ó ń mú ọdẹ sá fún ẹranko búburú. Òun ni ó ń mú ìyá du ẹ̀mí ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ kọ ìtàn nípa iwin tàbí ẹbọra tí kì í kú, ẹ̀rù yìí kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí kò bá wá ohun mìíràn fi dípò rẹ̀, iwin náà yóò kàn máa bú ramúramù lásán ni, ìtàn náà yóò sì tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀.

D. O. Fágúnwà, tí a bí ní Òkè-Igbó ní ọdún 1903, mọ àṣírí yìí. Nínú Igbó Olódùmarè, tí ó jáde ní ọdún 1949, Èṣù-kékeré-òde dí ọ̀nà mọ́ Olówó-ayé. Kí wọ́n tó gbá ara wọn mú, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi jà, tí kálukú ń ka agbára tirẹ̀ sílẹ̀. Nípa ọ̀rọ̀ wọn ni òǹkàwé ti mọ irú ẹni tí olúkúlùkù jẹ́ àti ohun tí kò lè fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀dá inú ìwé kan a sì máa rìn dé inú iṣẹ́ òǹkọ̀wé mìíràn. Wálé Ògúnyẹmí mú àwọn ọdẹ inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé Fágúnwà tí ó jáde ní ọdún 1938, ó fi wọ́n ṣe eré Lángbòdó, èyí tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní FESTAC ní Èkó ní ọdún 1977. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti dárúkọ ẹni tí ó yá ẹ̀dá rẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n bí Olóhùn-iyọ̀ bá ṣàdédé di ẹni tí kì í kọrin mọ́, ìtàn náà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó pa á lẹ́nu mọ́.

Kí a wá fi Oòrè ṣe àpẹẹrẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ bá fi iwin sínú igi ìrókò kan nínú igbó Odígbó, ó mọ̀ pé agbégilódò ti ń kó igi gẹdú jáde láti agbègbè náà láti ọjọ́ pípẹ́. Iwin náà kò lè kú, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ lè wó. Àwọn ọmọ tí ó ti rí tí wọ́n ń ṣeré lábẹ́ igi náà ti darúgbó, wọ́n ti kú, òun sì wà síbẹ̀. Ẹni tí kò lè kú, ọ̀fọ̀ rẹ̀ kì í tán. Ohun tí iwin náà ń wá nìyí: ibùgbé, àti ẹni tí yóò rántí àwọn tí òun ti mọ̀.

Láti inú èyí ni ohùn rẹ̀ yóò ti wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, ogun Biafra dé Oòrè, a sì ń wí títí di òní pé, "Ó le kú, ìjà Oòrè." Ìyá arúgbó kan lè sọ pé ọmọge ni òun nígbà náà. Iwin kò ní ka ọdún bẹ́ẹ̀, yóò ní, "Àná ni àwọn ológun kọjá lábẹ́ igi mi." Yóò pe baálé ilé ní ọmọdé, yóò sì fi oríkì bàbá bàbá rẹ̀ kí i.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé pẹ̀lú ayùn. Iwin tí kò fi "ẹ" bá ọba sọ̀rọ̀ rí sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́." Kò sí ìdí fún òǹkọ̀wé láti wí pé ìbànújẹ́ bá iwin, ọ̀rọ̀ kan yìí ti sọ gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ gbólóhùn kìíní, kí ó bi ẹ̀dá rẹ̀ ní ìbéèrè méjì: kí ni ó lè pàdánù, àti àwọn wo ni ó ti pàdánù rí?