Ọwọ́ Ta Ni Ọkọ̀ Yìí Ti Kọjá?

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ bèèrè pé: ta ni ó ni ín, ọwọ́ ta ni ó sì ti kọjá? Ìbéèrè yìí kan náà ni àwọn olówó òkè òkun tí ń ra ọkọ̀ ìje àtijọ́ oníjòkòó kan máa ń bèèrè kí wọ́n tó tọwọ́ bọ àpò. Owó ńlá ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ní ìlú Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n ta Mercedes-Benz W 196 kan ní gbàǹjo ní iye tí ó ju mílíọ̀nù 51 yúrò lọ. Ìtàn ọkọ̀ náà mọ́ kedere: Juan Manuel Fangio fi borí ní Buenos Aires ní 1955, ní 1965, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé eré ìje Indianapolis ní Amẹ́ríkà lọ́rẹ, láti ibẹ̀ ni ó ti dé orí àtẹ.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà náà, wọ́n lè yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan fi sínú òmíràn láàárín eré méjì, wọ́n sì lè tú èyí tí ó forí sọ nǹkan palẹ̀ láti fi tún èkejì ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ń tọpa ìtàn gbọ́dọ̀ yẹ ìwé ilé iṣẹ́ wò, kí ó wo àwòrán àtijọ́, kí ó sì fi wọ́n wé nọ́ḿbà tí a tẹ̀ sára irin.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọkọ̀ Auto Union ti Zwickau, tí ẹ́ńjìnnì wọn wà lẹ́yìn awakọ̀. Bernd Rosemeyer fi wọ́n di aṣíwájú ilẹ̀ Yúróòpù ní 1936. Tazio Nuvolari sì fi ọ̀kan borí ní Belgrade ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, ọjọ́ náà gan-an tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kéde ogun sí Jámánì.

Nígbà tí ogun parí ní 1945, àwọn ará Rọ́ṣíà kó àwọn ọkọ̀ náà lọ sí ilẹ̀ wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni ó di àwátì. Ní 1976, Viktors Kulbergs, ará Riga, gba ọ̀kan sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ZIL ní Moscow nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Paul Karassik àti Barbara aya rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá àwọn àfọ́kù kiri títí wọ́n fi rí wọn kó jáde. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti tún wọn tò. Ní 2012, Audi, arólé Auto Union, ra ọ̀kan nínú wọn padà.

Síbẹ̀, ìtàn lè di ẹjọ́. Ní 2007, Christie's fẹ́ ta Auto Union kan ní Paris, wọ́n sì ń retí owó tí kò sí irú rẹ̀ rí. Kí ọjọ́ tó pé, iyèméjì dìde nípa àwọn eré tí wọ́n sọ pé ó ti sá. Ni wọ́n bá dá ìtajà náà dúró.

Ẹ ò rí i pé irin nìkan kọ́ ni à ń rà. Ẹni tí ó bá purọ́ nípa ọkọ̀, ó gba ògo lọ́wọ́ awakọ̀ tí ó ti kú, ó sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó wà láàyè. Àwọn àgbà sì ti wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.