Ibi Tí Kókó Ìtàn Àròsọ Ti Ń Sú Yọ

Ìtàn àròsọ ni ìtàn tí òǹkọ̀wé fi ọgbọ́n inú gbé kalẹ̀ nípa àwọn ẹ̀dá tí kò gbé ayé rí, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ń hun ún kì í sábà jẹ́ tuntun. Ìbéèrè tí ó bi ohun tí tẹrú-tọmọ ti mọ̀ ni ó máa ń jẹ́ tuntun, pàápàá jù lọ ìbéèrè nípa ẹni tí a kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Iṣẹ́ Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1929, lẹ́tà sí olóòtú kò ṣàjèjì ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ obìnrin tí ó ń ti ọwọ́ ọkùnrin kan bọ́ sí ti òmíràn kì í ṣe ohun àìgbọ́rí. Thomas sọ obìnrin bẹ́ẹ̀ di asọ̀tàn, ìyẹn ẹni tí òǹkọ̀wé fi ìtàn sí lẹ́nu, ó sì jẹ́ kí ó máa kọ lẹ́tà láti orí ibùsùn àìsàn lẹ́yìn tí ẹwà rẹ̀ ti ṣá. Báyìí ni Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ṣe wáyé, tí lẹ́tà rẹ̀ ń jáde títí di ọdún 1930 tí a kó wọn jọ di ìwé, tí àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé ènìyàn gidi ni. Ẹ̀kọ́ ìwà inú rẹ̀ kọ́ ló fún un ní ẹ̀mí, ohùn obìnrin náà ni: ó ń kábàámọ̀, síbẹ̀ adùn ayé àná kò tán lẹ́nu rẹ̀.

D. O. Fágúnwà gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 1938. Ìtàn ọdẹ àti iwin ti wà lẹ́nu àwọn àgbà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ìwé Bunyan, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípa ìrìn àjò onígbàgbọ́ sì ti wà ní èdè Yorùbá láti ọdún 1866. Nígbà tí irú ìtàn méjèèjì pàdé nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ọdẹ tí ó ń wá ẹran kiri di ẹni tí ọba rán lọ sí Òkè Lángbòdó.

Ṣùgbọ́n kókó ìtàn nìkan kò tó; ó gbọ́dọ̀ di àhunpọ̀ ìtàn, èyí tí í ṣe bí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣe ń bí òmíràn. Pé ìlú kan ń sin òmíràn jẹ́ ohun tí ó kún inú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí gbé jáde ní ọdún 1969, Àjàyí, olú ẹ̀dá ìtàn náà, kọ̀ láti sìn, ìjàkadì òmìnira tí ó gba inú ìwé náà kan sì ti inú kíkọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀.