Nígbà Tí Koríko Pápá Bá Gbẹ: Ìrànwọ́ Ìjọba fún Àwọn Ọlọ́sìn Màlúù ní Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà ní màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dá bá dá, tí koríko pápá gbẹ, ta ni yóò bọ́ màlúù tó nírù pàápàá? Ẹni tó bá ti rí agbo ẹran nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní agbègbè Kétu tàbí Ṣábẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní Amẹ́ríkà, òfin ni wọ́n fi dá a lóhùn, ìtàn òfin náà sì kọ́ni lọ́gbọ́n.

Ní ọdún 2008, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Livestock Forage Disaster Program, láti ran ọlọ́sìn tí ọ̀dá ba pápá ìjẹko rẹ̀ jẹ́ lọ́wọ́. Àkókò ètò náà parí ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, nígbà tí ọ̀dá ńlá ń ba Texas jà lọ́wọ́. Ní ọdún 2012, ọ̀dá tàn ká àárín orílẹ̀-èdè náà. Koríko tán, oúnjẹ ẹran gbówó lórí, kò sì sí owó ìrànwọ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ta abo màlúù tó yẹ kó bímọ sí agbo wọn. Nígbà tí ọdún 2014 fi bẹ̀rẹ̀, màlúù orílẹ̀-èdè náà ti dín kù ju bó ti rí láti ọgọ́ta ọdún lọ.

Ọdún 2014 yìí ni òfin tuntun sọ ètò náà di èyí tí kò ní gbèdéke mọ́, tó sì ní kí a san owó àdánù láti oṣù kẹwàá ọdún 2011. Owó náà wúlò, ṣùgbọ́n kò lè dá màlúù tí a ti tà padà sínú agbo.

Báyìí ni ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, àwọn onímọ̀ máa ń gbé àwòrán ilẹ̀ kan jáde, èyí tó ń fi hàn bí ọ̀dá ti le tó ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwòrán yìí ló ń pinnu ẹ̀tọ́, kì í ṣe ojú rere olóyè kankan. Tẹ́lẹ̀, ọ̀dá líle gbọ́dọ̀ wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ léraléra kí a tó san owó oṣù kan. Òfin ọdún 2025 dín in kù sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ọ̀dá bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó náà lè tó ti oṣù márùn-ún. Owó oṣù kan kò ju 60 nínú 100 iye oúnjẹ ẹran fún oṣù náà lọ, ẹnì kan kò sì lè gbà ju 125,000 dọ́là lọ́dún kan. Ẹni tí ọ̀dá ti mú kó ta ẹran rẹ̀ kò pàdánù gbogbo ẹ̀tọ́: 80 nínú 100 owó tí à ń san lórí ẹran ni yóò gbà.

Síbẹ̀, ẹni tí kò bá ní àkọsílẹ̀ iye ẹran rẹ̀, àti ẹ̀rí pé òun ló ni pápá náà tàbí pé òun yá a, kò lè rí nǹkan gbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, kí ọlọ́sìn máa kọ iye ẹran rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí koríko ṣì tutù. Èkejì, òfin ìrànwọ́ ní láti wà nílẹ̀ kí ọ̀dá tó dé. Èyí tó bá dé lẹ́yìn ọ̀dá, àgọ́ òfìfo ni yóò bá.