Àrọ̀ Tiwa, Èèwọ̀ Tiwọn
Ìwé ìlàlóye fún ará Alafiarou lórí ẹja àjèjì

Bí òjò ńlá bá rọ̀ lóru, tí ẹ sì dé etí odò ní ìdájí, ẹ lè bá àrọ̀ nínú koríko, níbi tí omi kò dé. Ó ti rìn jáde. Àwọn ọmọ á hó yèè, wọ́n á gbé e sínú abọ́, ó di ọbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá gbé àrọ̀ wọ̀lú láàyè láìgba ìwé àṣẹ ti rú òfin ìjọba àpapọ̀. Gbogbo ẹbí àrọ̀ pátá ni òfin náà kó pọ̀.

Kí ni àrọ̀ ṣe fún wọn? Láàárín àwọn ọdún 1960, àwọn tó ń ta ẹja inú gíláàsì kó irú àrọ̀ kan láti Thailand wá sí Florida, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó wọ inú omi ìlú, ó sì ń jẹ ẹja tó bá níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Florida fòfin dè é, àwọn kan lára àwọn tó ń sìn ín kò pa á. Wọ́n dà á sínú omi ní agbègbè Tampa. Òfin tó yẹ kó dá ẹja náà dúró ló wá sún un síwájú! Íńdíà náà ti fòfin de àrọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, irú èyí tí à ń sìn nínú kòtò níbí gan-an.

Àrọ̀ kì í ṣe ẹja burúkú. Nílé, ọ̀nì ń jẹ ẹ́, ẹyẹ odò ń jẹ ẹ́, àwa náà ń jẹ ẹ́, kò ráyè pọ̀ jù. Níbi tí kò ti sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó di ọba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja ẹlòmíràn lè ṣe nínú omi wa.

Ẹ lè ní, ta ló ń sin ẹja inú gíláàsì ní Alafiarou? Òótọ́ ni, wọn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n Parakou kò jìnnà, ọmọ wa sì ń ti Kútọnu àti Èkó gbé ẹ̀bùn oríṣiríṣi bọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn tó gbẹ́ kòtò ẹja, tí wọ́n ń ra ọmọ ẹja lọ́wọ́ ẹni tí kò sọ ibi tó ti kó o wá. Omi agbègbè Tchaourou ń ṣàn lọ bá Ouémé, tí ẹ ń rí ní Bétérou, tàbí kó gba Okpara, odò tí wọ́n sé ní Kpassa kí Parakou lè rí omi mu. Okpara náà, inú Ouémé ló ń wọ̀. Ohun tí a bá dà sómi lókè níbí, ará Ganvié nísàlẹ̀ odò ló lè bá a pàdé.

A ti rí irú rẹ̀ rí. Koríko orí omi tí wọ́n ń pè ní jacinthe d'eau, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Òdòdó rẹ̀ tó rẹwà ló mú kí ènìyàn máa gbé e kiri ayé. Ó bo omi gúúsù Bẹ̀nẹ̀ débi pé ọkọ̀ apẹja kò rọ́nà. Ọdún 1991 ni iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA bẹ̀rẹ̀ sí í tú kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ sílẹ̀. Ó dín kù, kò tán.

Òfin ìpẹja àti ọ̀sìn ẹja ilẹ̀ wa ni òfin 2014-19, ti ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2014. Kí ẹ tó ra ẹja tí kì í ṣe ti omi ilẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní mẹ́rì Tchaourou tàbí lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹja ní Parakou.

Bí ẹja àjèjì bá ti wà lọ́wọ́ yín ńkọ́? Àánú ló sábà máa ń mú ènìyàn tú u sódò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, tàbí kí ẹ fún ẹlòmíràn tó ní gíláàsì. Bó bá kú, ẹ sin ín. Omi inú gíláàsì, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ dà á sí. Ẹyin àti ìgbín wẹ́wẹ́ lè wà nínú rẹ̀. Kí kòtò ẹja jìnnà sí ibi tí àkúnya omi ń dé, kí àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ sì wà lẹ́nu ibi tí omi ń gbà jáde.

Bí àwọ̀n yín bá sì gbé ẹja tí àgbà apẹja kankan kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ má dá a padà sómi. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti mú un, ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ gbé e lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tí a dárúkọ lókè. Ẹ má tíì sè é.