Kí Ẹ Tó Kọ Nọ́ńbà Yúníìtì Sílẹ̀: Ìlàlóye fún Ẹni Tó Ń Wá Táàgì Elk ní Colorado

Ìwé yìí kò ní sọ fún yín ohun tí elk jẹ́, kò sì ní júwe ibi tí wọ́n ti ń ra láísẹ́ǹsì. Ẹni tó mú un dání ti mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ló mú wa kọ ọ́. Lọ́dọọdún, bí èsì kèké bá ti jáde, àwọn ènìyàn a tò sí iwájú kántà láti béèrè ìdí tí táàgì kò fi kàn wọ́n. Bí a bá ṣí fọ́ọ̀mù wọn, a ó rí i pé yúníìtì tó lókìkí jù ní ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n kọ sí ipò kìíní, òmíràn tó lókìkí bíi tirẹ̀ ni wọ́n kọ sí ipò kejì, ìkẹta àti ìkẹrin kò sì yàtọ̀. Póìǹtì 2 tàbí 3 ló wà lọ́wọ́ wọn. Bí a bá bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi yàn bẹ́ẹ̀, ìdáhùn kan náà ni a máa ń gbọ́: ibi tó ń gba póìǹtì púpọ̀ ni ẹran pọ̀ sí. Inú èrò yìí ni ìṣòro náà ti ń bẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ ni a ó sì pẹ́ sí jù.

Póìǹtì kò ka ẹran

Elk tó wà ní Colorado pọ̀ ju ti ìpínlẹ̀ èyíkéyìí mìíràn ní Amẹ́ríkà lọ. Wọ́n lé ní 250,000. Okìkí yúníìtì kọ́ ló ń sọ ibi tí wọn yóò jẹ̀ sí. Ẹ wo Yúníìtì 2, 10 àti 201 ní Moffat County, ní igun àríwá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ènìyàn ti lè kó póìǹtì jọ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí kèké tó mú un fún akọ. Ohun tó fà á ni pé ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ ń fi táàgì ibẹ̀ mọ níwọ̀n, kí akọ lè pẹ́ láyé kí ìwo rẹ̀ sì tóbi. Ẹ wá wo agbo White River, tó ń jẹ̀ káàkiri òkè Flat Tops lẹ́bàá ìlú Meeker. Kò sí agbo elk tó tóbi tó o ní Colorado. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní púpọ̀ nínú àwọn yúníìtì rẹ̀, bíi 12, 23 àti 24, ńṣe ni ènìyàn ń wọ ṣọ́ọ̀bù tó ń ra láísẹ́ǹsì akọ fún sáà ráífù kejì àti ìkẹta láì ṣẹ́ kèké rárá. Bó bá jẹ́ ẹran ni póìǹtì ń kà, ibẹ̀ ni ì bá gba póìǹtì jù.

Nǹkan méjì ló ń gbé póìǹtì yúníìtì sókè: iye táàgì tí wọ́n gbé sílẹ̀, àti iye ènìyàn tó ń dù ú. Ẹran lè máa dín kù kí póìǹtì sì máa ga. Ìgbà òtútù 2022 sí 2023 jẹ́ ẹ̀rí tó ṣe kedere. Òjò dídì bo Moffat àti Rio Blanco County débi pé ebi pa ọ̀pọ̀ elk kú, Colorado Parks and Wildlife, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní CPW, sì gé láísẹ́ǹsì agbègbè náà kù gidigidi fún ọdún 2023. Ẹran dín, táàgì dín, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń kó póìǹtì jọ láti ọdún pípẹ́ kò kúrò lórí ìlà. Ẹni tó bá ń wo póìǹtì nìkan yóò rò pé ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dára sí i ni.

Àwọn kan a ní kò burú, àwọn yóò ṣe sùúrù, bó pẹ́ bó yá yóò kan àwọn. Sùúrù dára, àmọ́ ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ká ní yúníìtì kan ń fúnni ní táàgì 20 lọ́dún, tí ènìyàn 300 sì ní póìǹtì tó ju tiyín lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tún wọlé mọ́, ọdún 15 ni yóò gbà kí àwọn tó wà níwájú tó tán. Àwọn tí ẹ jọ ní iye póìǹtì kan náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ ó sì jọ ṣẹ́ kèké sí ohun tó bá ṣẹ́kù ni. Bí tiyín ṣe ń lé ọ̀kan lọ́dún náà ni tiwọn ń lé ọ̀kan, nítorí náà àlàfo tó wà láàárín yín kò sún. Ìlà náà kò sì dúró bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2025, àlejò tó bá fẹ́ fi ọfà pa elk ní ìwọ̀-oòrùn títì I-25 kò lè kàn ra láísẹ́ǹsì lórí kántà mọ́. Ó di dandan kó wọ inú kèké. Àwọn tí kì í kó póìǹtì jọ tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o.

Ẹlòmíràn a rán wa létí pé CPW ya apá kan táàgì sọ́tọ̀ fún oríire. Òótọ́ ni. Fún yúníìtì tó ti ń gba póìǹtì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpíndọ́gba ọdún mẹ́ta, ó lè tó ìdá 20 nínú 100 táàgì tí wọ́n máa fi kèké gidi pín, láì wo ẹni tí póìǹtì rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí póìǹtì rẹ̀ kò bá tó 5 kò sí nínú kèké yẹn rárá, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ yúníìtì náà sí ipò kejì. Bí ẹ bá ní 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì mọ̀ pé nínú táàgì 20, mẹ́rin péré ni yóò bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ yìí, ẹ lè dán an wò. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ohun tí a kọ̀ ni kí ẹni tó ní póìǹtì 2 máa gbára lé e.

Ipò mẹ́rin kò dọ́gba

Fọ́ọ̀mù gbà kí ẹ kọ ipò mẹ́rin, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé àǹfààní mẹ́rin ni. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe é rèé: yóò kọ́kọ́ parí ipò kìíní gbogbo ènìyàn ní gbogbo ìpínlẹ̀ kó tó bojú wo ipò kejì ẹnikẹ́ni. Yúníìtì tí àwọn tó kọ ọ́ sí ipò kìíní bá ti gba gbogbo táàgì rẹ̀ tán, òfìfo ni fún ẹni tó kọ ọ́ sí ipò kejì. Ìdí nìyí tí fọ́ọ̀mù tí orúkọ ńláńlá mẹ́rin wà lórí rẹ̀ fi jẹ́ fọ́ọ̀mù tó ní ipò kan ṣoṣo, èyí tó kù kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́.

Ipò kìíní nìkan ló ń jẹ póìǹtì. Bí kèké bá mú yín níbẹ̀, póìǹtì yín di òdo. Bí kò bá mú yín, ẹ ó gba ọ̀kan sí i, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ipò tó kù. Bó bá wá mú yín ní ipò kejì, ìkẹta tàbí ìkẹrin, póìǹtì yín wà níbẹ̀ digbí. Ọ̀nà tó bọ́gbọ́n mu fún ẹni tó ṣì ń kó póìǹtì jọ wá hàn: kí ó kọ kóòdù póìǹtì, E-P-999-99-P, sí ipò kìíní, kí ó sì kọ yúníìtì tí táàgì rẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sí ipò kejì. Yóò gba póìǹtì, ó sì ṣeé ṣe kó lọ sígbó lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn kan a máa bẹ̀rù pé ẹ̀tàn ni èyí. Òfin gbà á láyè tọkàntọkàn.

Láti mọ ibi tí táàgì ń ṣẹ́kù, ẹ ṣí ìwé tí CPW ń gbé jáde lẹ́yìn kèké, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Drawn Out At. Níwájú kóòdù kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó ti rí iye póìǹtì tó gbà lọ́dún tó kọjá, tàbí ipò tí táàgì ti tán. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má wo ìlà tí kì í ṣe tiyín. Ti ọmọ ìpínlẹ̀ yàtọ̀, ti àlejò yàtọ̀. Ẹni tó ń gbé Houston tó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Aurora, àlejò ni lójú òfin. Ẹni tí kò tíì fi oṣù mẹ́fà gbé Colorado náà, àlejò ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù pọ̀ bí ẹgbẹ́, póìǹtì ẹni tó kéré jù láàárín yín ni wọn yóò fi ka gbogbo yín. Ọ̀rẹ́ tó ní 9 tó bá wọ ẹgbẹ́ ẹni tó ní 1, póìǹtì 1 ló mú wá síbẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù tí a ń gbọ́ ni pé bí ènìyàn bá ná póìǹtì 3 rẹ̀ sórí yúníìtì kékeré, ó ti fi ṣòfò. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Póìǹtì kì í kún ìkòkò ọbẹ̀. Kò ṣeé tà, kò ṣeé fún ọmọ, bí ẹ bá sì dàgbà ju kí ẹ gun òkè lọ, kò wúlò mọ́. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ pọ̀, ọdẹ elk tó ń rí ẹran mú délé lọ́dún kan jẹ́ bí ẹnì kan nínú márùn-ún, àwọn tó ti mọ igbó wọn sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó lọ sí yúníìtì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́fà ti mọ ibi tí elk ń mu omi àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ bí òjò dídì bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jókòó de Yúníìtì 201 fún ogún ọdún yóò débẹ̀ bí àjèjì, ọjọ́ mélòó kan ló sì ní.

Lẹ́tà kan ṣoṣo tó ń dá ìjà sílẹ̀

Ẹ ka kóòdù lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí wọ́n bá kọ E-M-061-O1-R, E àkọ́kọ́ ni elk, M ni akọ, 061 ni yúníìtì, O1 ni sáà ráífù kìíní, R ni ráífù. Bó bá jẹ́ F ló wà ní àyè M, abo ni. Bó bá jẹ́ E, èyíkéyìí. O tó wà nínú O1, lẹ́tà ni, kì í ṣe òdo. Èyí tó ń kó bá ènìyàn jù ni kí P wà ní àyè O. P túmọ̀ sí pé orí ilẹ̀ onílẹ̀ nìkan ni táàgì náà ti ṣiṣẹ́. Irú táàgì bẹ́ẹ̀ máa ń rọrùn láti gbà, ó lè má gba póìǹtì kankan, ẹni tó sì ń wá èyí tó rọrùn a kọ ọ́ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Bí oṣù kọkànlá bá wá dé, kò mọ ẹnikẹ́ni tó ní ọ̀gbà màlúù, kò sì lè wọ igbó ìjọba pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹni tó gba O náà kò tíì bọ́. Ó ju ìdá mẹ́ta kan lọ nínú ilẹ̀ Colorado tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n kò tò tẹ̀léra. Ilẹ̀ onílẹ̀ a máa bọ́ sí àárín rẹ̀, òfin kò sì fi dandan lé e pé kí onílẹ̀ fi wáyà yí i ká tàbí kí ó gbé pátákó síbẹ̀. Ọdẹ ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun wà. Ilẹ̀ State Trust tí ẹ rí lórí máàpù kò ṣí fún ọdẹ, àfi èyí tó wà nínú Public Access Program. Nítorí náà, láàárín yúníìtì méjì tí póìǹtì yín ká, èyí tí ilẹ̀ ìjọba rẹ̀ ní ọ̀nà tó wọ inú rẹ̀ dára ju èyí tí ẹran rẹ̀ pọ̀ tí gbogbo wọn sì ń sùn nínú ọ̀gbà màlúù. Ẹ wo sáà pẹ̀lú: bí òtútù bá ti le, elk a fi orí òkè sílẹ̀, yúníìtì tó dára lóṣù kẹsàn-án lè ṣófo lóṣù kọkànlá.

Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín pé òun mọ ènìyàn tí yóò fi orúkọ yín síwájú, ẹ gba owó yín padà. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ kèké.

Ọjọ́ àti wákàtí

Ọjọ́ Tuesday àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin ni fọ́ọ̀mù máa ń tì, ní agogo 8 alẹ́, agogo Colorado; ní Houston, agogo 9 nìyẹn. Ó ti bọ́ sí ọjọ́ kejì oṣù náà ní 2024, ó sì bọ́ sí ọjọ́ kìíní ní 2025, nítorí náà ẹ má fi ti èṣí ṣírò ti ọdún yìí. Kí ẹ tó lè kọ fọ́ọ̀mù, ẹ gbọ́dọ̀ ti ra láísẹ́ǹsì tó mú yín yẹ fún kèké, ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1949 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní káàdì ẹ̀kọ́ ọdẹ. Èyí tó ń gba àkókò jù nínú wọn ni káàdì yẹn, nítorí kíláàsì ni wọ́n fi ń gbà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí oṣù kẹta tó wọlé. Ẹni tí kèké kò bá mú lè tún kọ fọ́ọ̀mù kejì lóṣù kẹfà, èyí tó bá sì ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn, orí kántà ni wọ́n ti ń tà á lóṣù kẹjọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń rà á.