Ìrònú, Ìbànújẹ́ àti Ẹ̀yà Kékeré Tó Wà Lórí Kíndìnrín

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1954, wọ́n gbé ọkùnrin ẹni ọdún 37 kan wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní New York nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ẹ̀rù ń ba àwọn dókítà. Adrenal ọkùnrin náà, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó wà lórí kíndìnrín, kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ewu ńlá ni iṣẹ́ abẹ jẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Kòkòrò àrùn wọ ara rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ó dákú lọ gbári, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àlùfáà. Orí ló yọ ọ́. Lọ́dún 1955, ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìtàn àìsàn rẹ̀ jáde láìdárúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1960, ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n dìbò yàn sípò ààrẹ Amẹ́ríkà: John F. Kennedy.

London ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún un, lọ́dún 1947, pé àrùn Addison, ìyẹn àìsàn tí kì í jẹ́ kí adrenal lè ṣiṣẹ́ rẹ̀, ló ń ṣe é. Nígbà ìpolongo ìbò, àwọn èèyàn rẹ̀ sẹ́ kanlẹ̀ pé kò sóhun tó jọ ọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ohun ìjà Rọ́ṣíà ní Cuba fẹ́ dá ogun átọ́míìkì sílẹ̀ lọ́dún 1962, ẹni tí gbogbo ayé ń wojú rẹ̀ yìí ń lo hydrocortisone àti oògùn iyọ̀ kó lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ara rẹ̀ kò lè ṣe fúnra rẹ̀ ohun tí ara ẹlòmíì máa ń ṣe nígbà tí ìdààmú bá dé.

Adrenal jẹ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan dé orí kíndìnrín kan bíi fìlà. Ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 4 sí 5 lọ. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ṣe cortisol, tí kì í jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá já wálẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣe aldosterone, tó ń di iyọ̀ mú sínú ara. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni adrenaline ti ń jáde. Adrenal kì í dá iṣẹ́ cortisol ṣe o. Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí pituitary tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pituitary á tú hòmóònù tí wọ́n ń pè ní ACTH sínú ẹ̀jẹ̀, adrenal á sì jẹ́ ìpè. Bí cortisol bá ti tó, ọpọlọ á ní ó tó. Òwúrọ̀ kùtùkùtù tí èèyàn ń jí ni cortisol máa ń pọ̀ jù, ọ̀gànjọ́ òru ló sì máa ń kéré jù.

Adrenaline ní tirẹ̀ kì í dúró gbọ́ àlàyé. Bí èèyàn bá ń sọdá títì n'Ìwó Road, n'Ìbàdàn, tí ọkọ̀ máíkírà kan já sí i lójú lójijì, kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ó ti fò sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àyà òun ń lù kìkì, ọwọ́ òun ń gbọ̀n, itọ́ sì ti gbẹ lẹ́nu òun. Walter Cannon ti Harvard ṣàlàyé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1915 pé ṣe ni ara ń múra láti jà tàbí láti sá.

Ẹni tó wá so ìdààmú ọlọ́jọ́ pípẹ́ mọ́ adrenal ni Hans Selye, tí wọ́n bí ní Vienna lọ́dún 1907, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì McGill ní Montreal. Ó fi àwọn eku sínú òtútù, ó ṣe wọ́n léṣe, ó mú wọn ṣe wàhálà títí agara fi dá wọn, ó fún àwọn míì ní oògùn tó ju agbára wọn lọ. Ohun yòówù kó ṣe sí wọn, nǹkan mẹ́ta kan náà ló ń bá nínú wọn: adrenal tó wú, thymus (ẹ̀yà kan nínú àyà) tó rọ, àti ọgbẹ́ nínú ikùn àti ìfun. Lọ́dún 1936 ló fi lẹ́tà kúkúrú kan ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature.

Kí òǹkàwé kíyè sí i pé adrenal àwọn eku yẹn wú ni, torí iṣẹ́ ń pọ̀ fún un. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yíwọ́ nìyẹn. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti ń polówó rẹ̀ pé ìrònú àti iṣẹ́ àṣejù máa ń mú kó rẹ adrenal, débi tí kò fi ní lè ṣe cortisol tó mọ́. Adrenal fatigue ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń ta oògùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe àyẹ̀wò 12 nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ròyìn rẹ̀ lọ́dún 2018, wọ́n rí hòmóònù tairọ́ọ̀dù nínú gbogbo wọn, wọ́n sì rí steroid, ìyẹn àwọn ohun tó jẹ́ ẹbí cortisol, nínú 7. Ẹni tó ra àgbo ìmárale ti gbé hòmóònù mì láìmọ̀. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, Flavio Cadegiani àti Claudio Kater ní São Paulo, ní Brazil, ti kó ìwádìí 58 jọ, wọ́n tú u wò fínnífínní, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé àìsàn náà wà.

Àárẹ̀ ẹni tó ń ráhùn kì í ṣe irọ́ o. Àìsùn lè fà á, ẹ̀jẹ̀ tó kéré lára lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ̀ ṣúgà, tairọ́ọ̀dù tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ti di àìsàn. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kí wọ́n fi orúkọ tí kò sí bo ohun tó ń ṣe é mọ́lẹ̀.

Ohun tó ń pa adrenal ní tòótọ́ yàtọ̀. Thomas Addison, dókítà ní Guy's Hospital ní London, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àrùn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ yìí lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ lọ́dún 1855, pẹ̀lú ìtàn aláìsàn 11. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ba adrenal púpọ̀ nínú wọn jẹ́. Ní Yúróòpù lónìí, ohun tó sábà máa ń fà á ni kí àwọn ọmọ ogun inú ara ṣi ara wọn gbà, kí wọ́n kọjú ìjà sí adrenal. Níbi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ àti HIV ṣì pọ̀ sí, bíi Nàìjíríà, àwọn méjèèjì yìí ni dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọkàn sí. Ìbànújẹ́ kò sí lára wọn.

Síbẹ̀, ìbànújẹ́ ni wọ́n sábà máa ń dì í rù. Ẹni tí àrùn Addison ń ṣe á máa rù, oúnjẹ kò ní wù ú, òòyì á máa kọ́ ọ tó bá dìde, á máa bì, iyọ̀ á sì máa wù ú lá. Inú rẹ̀ kì í dùn, kò sì ní fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Aládùúgbò á ní ó ń ronú jù. Ara aláwọ̀ funfun máa ń dúdú débi tí gbogbo èèyàn á rí i, àmọ́ lára èèyàn dúdú, àfi kéèyàn mọ ibi tó máa wò: erìgì, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn ìlà inú àtẹ́lẹwọ́, oríkèé ìka, àti ojú àpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Erìgì tó pọ́n tẹ́lẹ̀ tó wá ń dúdú, pẹ̀lú ara tó ń gbẹ àti iyọ̀ lílá, tó ohun tí wọ́n ń gbé lọ sí ọsibítù láìfi falẹ̀.

Ẹ̀yìn tí adrenal bá ti bàjẹ́ tán ni ìbànújẹ́ wá ń di ohun tó lè pani. Nígbà tí ibà bá dé tàbí tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, ara máa ń béèrè cortisol tó pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ti ẹni yìí kò ní ibi tó máa gbà wá. Ìfúnpá rẹ̀ á já wálẹ̀, èébì á bẹ̀rẹ̀, ó lè dákú, ó sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ní Jámánì, àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé aláìsàn 423 fún nǹkan bí ọdún méjì, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ 64 ló wáyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kọ́ àwọn èèyàn náà bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ara wọn. Ìdààmú ọkàn ló fa bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ó bá ibà àti ìgbẹ́ gbuuru dọ́gba. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ túfọ̀ ìyá fún ẹni tó ń lo hydrocortisone, kí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ oògùn rẹ̀ wà nítòsí. Dókítà lè ní kó fi kún ìwọ̀n tó ń lò fún ọjọ́ díẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ni àrùn tí Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ròyìn lọ́dún 1912 àti 1932. Kókó kékeré kan lórí pituitary tàbí lórí adrenal á mú kí cortisol pọ̀ jù. Ojú aláìsàn á wú rọ̀bọ̀tọ̀, ikùn á yọ, apá àti ẹsẹ̀ á tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ á máa ru. Ó ju ìdajì wọn lọ tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń bá jà, nígbà míì kí àmì yòókù tó jáde rárá. Ní Italy, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1993 fi hàn pé ohun ìbànújẹ́ tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn aláìsàn yìí kí àìsàn tó dé ju ti àwọn tí ara wọn le lọ. Ìyẹn kò tíì sọ pé ìbànújẹ́ ló dá kókó sílẹ̀, torí ẹni tó ń ṣàìsàn máa ń tún ìgbé ayé rẹ̀ rò ju ẹni tí ara rẹ̀ le lọ.

Kókó míì wà tó máa ń hù nínú adrenal gan-an, pheochromocytoma lorúkọ rẹ̀. Adrenaline á ṣàdédé ya jáde, orí á máa fọ́, òógùn á bo aláìsàn, àyà rẹ̀ á máa já. Àwọn kan ti gba ìtọ́jú ìpayà fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọn ìfúnpá wọn lásìkò tó ń ṣe wọ́n.

Nílẹ̀ Yorùbá, ohun tó yẹ kó ká wa lára jù ni èyí tí a ń fi ọwọ́ ara wa fà. Dexamethasone àti prednisolone wà ní kẹ́míìsì tí ẹnikẹ́ni lè rà láìsí ìwé dókítà: ọ̀dọ́bìnrin ń lò ó kó lè sanra, arúgbó ń lò ó fún oríkèé tó ń ro ó. Clobetasol wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n fi ń bóra. Steroid ni gbogbo wọn, iṣẹ́ cortisol ni wọ́n ń ṣe. Bí wọ́n bá pẹ́ lára, pituitary á gbà pé cortisol ti pọ̀, kò ní ránṣẹ́ mọ́, adrenal á sì rọ. Irú steroid tó ti ìta wá yìí ló ń fa àrùn Cushing jù káàkiri ayé. Ewu tó tún burú ju ojú wíwú lọ wà níbi kéèyàn ṣàdédé dá a dúró. Kò sí ti ìta mọ́, ti inú kò sì tíì jí; ibà kan ṣoṣo tàbí òkú kan nínú ẹbí lè dá ẹni náà wó. Kò bójú mu rárá pé wọ́n ń ta irú oògùn bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń ta súìtì. Ẹni tó ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Dókítà ló máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá adrenal ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ láti wo cortisol. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, wọ́n á gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tó jọ ACTH, wọ́n á sì tún ẹ̀jẹ̀ fà lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan láti mọ̀ bóyá adrenal dáhùn. Ẹni tí wọ́n bá rí i pé adrenal rẹ̀ ti bàjẹ́ á máa lo oògùn lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, ó sì lè ṣiṣẹ́, kó bímọ, kó dàgbà. Láti ọdún 2020 ni NHS ti ń fún àwọn aláìsàn wọ̀nyí ní Britain ní káàdì pàjáwìrì tí wọ́n ń fi sínú pọ́ọ̀sì. Ó yẹ kí aláìsàn tó wà ní Nàìjíríà kọ irú rẹ̀ sórí bébà, kó kọ orúkọ àìsàn náà àti oògùn rẹ̀ síbẹ̀, kí abẹ́rẹ́ hydrocortisone 100 mg sì wà nílé. Itan ni wọ́n ń gún un sí, ọkọ, aya tàbí ọmọ tó ti dàgbà lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún un lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.