Bí omi bá dà sórí kọ̀ǹpútà yín, iná ni kí ẹ kọ́kọ́ pa

Ní Adakplamè, ní kọmúùnù Kétu lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í sábà dá a lò. Olùkọ́ ń fi to máàkì àwọn ọmọ kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń fi kọ ìwé àṣekágbá, ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sì ń fi bá àdúgbò tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé òkú. Bí ife tíì kan bá dojú dé lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló pàdánù. Ewu òjò náà wà níbẹ̀: àkọ́rọ̀ ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹta títí di oṣù Keje, àrọ̀kúrò sì ń tẹ̀ lé e láti oṣù Kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ páánù tó jò kò mọ orí tábìlì yàtọ̀ sí ilẹ̀.

Ohun tó dunni jù ni pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó kú lẹ́yìn tí omi dà sí i ì bá yè. Omi ló bẹ̀rẹ̀ ìbàjẹ́ náà, àmọ́ ìkánjú ẹni tó ni ín láti tàn án wò ló sábà máa ń parí rẹ̀.

Kí ni omi ń ṣe nínú ẹ̀rọ?

Omi tí kò ní nǹkan kan nínú kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná mànàmáná. Omi kànga àti omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ fà láti inú ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti gba inú yẹ̀pẹ̀ àti àpáta kọjá, ó sì ti kó iyọ̀ oríṣiríṣi mọ́ra. Iyọ̀ wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí iná ráyè gba inú omi kọjá.

Lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, àwọn ọ̀nà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé iná káàkiri, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì tó nǹkan. Nígbà tí omi bá dí àlàfo náà, iná tó yẹ kó lọ síbì kan á ya sí ibòmíràn, ẹ̀yà tí kò lè gba agbára rẹ̀ á sì jó lójú ẹsẹ̀.

Ìbàjẹ́ kejì kì í yára. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì wà lórí bọ́ọ̀dù tó tutù, bàbà á máa yòrò ní ẹ̀gbẹ́ kan, á sì máa kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, títí yóò fi yọ ẹ̀ka bíi gbòǹgbò tín-ín-rín tó so ọ̀nà méjì tí kò yẹ kó pàdé pọ̀. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé á bo ojú ibẹ̀. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà fi lè ṣiṣẹ́ lónìí lẹ́yìn tí omi dà sí i, kó tó kú ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Ohun tó dà síbẹ̀ náà ní ipa tirẹ̀. Ṣúgà àti mílíìkì inú tíì máa ń lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí omi bá gbẹ tán. Mínírà ní ṣúgà, ó tún ní ásíìdì. Omi òkun ló burú jù, nítorí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀.

Kí lẹ máa ṣe lójú ẹsẹ̀?

Ẹ pa iná láti ara ògiri, kí ẹ sì yọ ṣájà. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ bá ti tutù, ẹ má fọwọ́ kàn án; ibi tí wọ́n ti ń pa iná gbogbo ilé ni kí ẹ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá títí yóò fi kú. Ẹ má dúró tọ́jú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́. Bí bátìrì rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tí ọwọ́ ń yọ, ẹ yọ ọ́. Ẹ yọ fláàṣì àti gbogbo ohun tí ẹ kì bọ̀ ọ́ lára.

Ẹ ṣí i, kí ẹ dojú rẹ̀ dé kí kíbọ́ọ̀dù máa kọjú sílẹ̀, kí omi lè padà jáde níbi tó gbà wọlé dípò kó rìn wọnú bọ́ọ̀dù. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ara rẹ̀. Ẹ má jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní, inú ni bátìrì wà, ó sì ń fún bọ́ọ̀dù níná díẹ̀ bí ojú ẹ̀rọ tilẹ̀ ṣókùnkùn. Ó di dandan kí wọ́n tú ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì já bátìrì náà kúrò lára bọ́ọ̀dù. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n tú, ẹ gbé e lọ bá atúnṣe lọ́jọ́ náà gan-an. Adakplamè jìnnà sí Kutọnu ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, nítorí náà kò yẹ kí bátìrì wà lára rẹ̀ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó wà lọ́hùn-ún. Atúnṣe tẹlifóònù tó wà nítòsí lè bá yín já bátìrì kọ̀ǹpútà náà.

Ìrẹsì ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí ìrẹsì wà nínú ìkòkò. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, iléeṣẹ́ Apple kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki iPhone tó tutù bọ inú ìrẹsì, nítorí ẹ̀rún rẹ̀ lè ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Ti kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀. Ìrẹsì kò lè fa omi tó há sábẹ́ àwọn ẹ̀yà kéékèèké, kò sì lè yọ iyọ̀ àti ṣúgà tó ti lẹ̀ mọ́ bàbà.

Ẹ má gbé e sínú oòrùn gangan tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ooru ń ba bátìrì jẹ́. Bátìrì tó bá ti wú kò gbọdọ̀ wà nínú ilé mọ́, ẹ má sì gún un: irú rẹ̀ lè gbiná.

Ṣé gbígbẹ nìkan ti tó?

Rárá. Omi á lọ, ẹ̀gbin rẹ̀ á kù. Atúnṣe tó mọṣẹ́ á tú bọ́ọ̀dù jáde, á fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọtí isopropyl tó tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ fọ̀ ọ́, jìnnà sí iná. Ọtí ìdá 70 tí wọ́n fi ń nu ojú ọgbẹ́ ní omi púpọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn ìfọ̀, á jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ní àsìkò ọyẹ́, ó ń tètè gbẹ; ní àsìkò òjò, ó gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ bi atúnṣe yín ní ìbéèrè méjì: ṣé ó já bátìrì, ṣé ó sì fọ bọ́ọ̀dù? Bó bá jẹ́ pé atẹ́gùn nìkan ló fẹ́ sí i kó tó tàn án, iṣẹ́ kò tíì parí.

Iṣẹ́ inú rẹ̀ ńkọ́?

Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti pẹ́, díìsìkì tó gbé iṣẹ́ wà lọ́tọ̀. Wọ́n lè yọ ọ́, kí wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà mìíràn kà á. Nínú àwọn tuntun kan, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, ikú bọ́ọ̀dù sì lè di ikú iṣẹ́. Bí ẹ̀dà iṣẹ́ yín bá wà lórí fláàṣì tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kọ̀ǹpútà wá kú, omi ló dànù, agbè kò fọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àyíká wa pẹ̀lú. Ìròyìn tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2024 sọ pé ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tí aráyé sọ dà nù ní ọdún 2022 tó mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù, àkọsílẹ̀ sì fi hàn pé kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ tí wọ́n kó jọ tún lò bó ṣe yẹ. Kọ̀ǹpútà tí a bá gbà là kò ní kún òkìtì náà.

Ẹ gbé ife jìnnà sí kọ̀ǹpútà. Ẹ má fi í sílẹ̀ sábẹ́ páánù tó ń jò. Ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí omi bá sì pàpà dà sí i, ẹ pa iná, ẹ já bátìrì, kí ẹ má sì tàn án wò títí ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi fọ̀ ọ́ tán.